Ìbéèrè Keje Nínú Fọ́ọ̀mù Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé

Fọ́ọ̀mù ti dé ọwọ́ mi. Ojú ewé mẹ́rin péré. Mo rò pé á nípọn ju báyìí lọ, pẹ̀lú bí gbogbo ayé ṣe ń pariwo rẹ̀. Òkè ni gbogbo wa ń pe yunifásítì náà, torí orí òkè ló wà, àti torí pé ẹni tó bá wọbẹ̀, wọ́n gbà pé ó ti gòkè nìyẹn. Tíṣà Físíìsì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní ó di ọdún kọkànlá báyìí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti wọ Òkè gbẹ̀yìn. Ó ní kí n má dójú ti òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Orúkọ, ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò — mo ti kọ gbogbo ìyẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè keje ló dá mi dúró. "Kí ló dé tí o fi yàn wá?" Kò gbọdọ̀ ju ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ lọ. Tó bá ti kọjá ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn ò ní gbà á mọ́.

Kí ló dé tí mo fi yàn wọ́n ná? Mo jókòó. Mo jẹ ìdí bírò títí. Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ dé ibi tí oorun ò fi kùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo bi Agbẹjọ́rò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Fóònù ló ń tún ṣe, kò rí kóòtù rí, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá èèyàn jà sí. Ó ní orúkọ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá jáde ní Òkè, wọn kì í bi í pé kí ló mọ̀, wọ́n á ní kó wá jókòó. Ó ní tó bá jẹ́ ìmọ̀ ni mò ń wá, ṣebí Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ti gbà mí, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà, mo lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ kí n sì máa padà wá jẹ oúnjẹ Màámi. Ó bí mi nínú, torí kò parọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, òun náà gba fọ́ọ̀mù. Kí ló dé? Ó ní ìyá òun ti sọ fún gbogbo àdúgbò, kò sí bí òun ṣe lè bá a kó ọ̀rọ̀ náà padà.

Màámi dé láti ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní ìdí tó fi yẹ kí n yàn wọ́n ni pé wọ́n rò pé ọmọ bíi tiwa ò lè débẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní Màámi, èèyàn kì í kọ irú ìyẹn. Ó ní kí ló dé, ṣé wọn ò mọ̀wé kà ni?

Bàámi ń fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn ìwé oníbàárà kan. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n bá òun mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo wo Bàámi lónìí bí ẹni tí mi ò rí rí. Ọdún méjìlélógún ló ti ń di ìwé ní yàrá iwájú ilé wa. Àwọn ọmọ Òkè ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀; wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì wákàtí méjì, torí wọ́n ní ìdì rẹ̀ kì í tú. Wọ́n á kó ìwé ìwádìí wọn wá ní ewé-ewé, òun á tò ó, á rán an, á fi gọ́ọ̀mù sí i, á fi páálí líle àti aṣọ bò ó, á wá fi lẹ́tà wúrà tẹ orúkọ oníwèé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí orúkọ tiẹ̀ wà.

Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: kíkà lọ, kíkà bọ̀. Kó tó gún abẹ́rẹ́ wọ ìwé, á ka ojú ewé láti iwájú lọ sẹ́yìn, á tún kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí ewé kan má baà sọnù. Kíkà lọ rẹ̀ yá. Kíkà bọ̀ rẹ̀ ló ń fà bí ìjàpá. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti kọ ọ́! Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ géérégé. Báyìí ló bẹ̀rẹ̀: "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni ìràwọ̀ ìmọ̀ ti ń tàn yanran sí ọ̀nà mi, tí ọkàn mi sì ń pòùngbẹ fún orísun ọgbọ́n tí kì í gbẹ…" Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ wa, sórí bébà funfun tó dáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tún un kà. Ó dùn. Orí mi pé o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Iṣẹ́ ńlá wọlé. Obìnrin kan láti Òkè, ìwé rẹ̀ tó òjìlénígba ojú ewé, lórí kòkòrò tó ń jẹ ọkà nínú àká. Mo ti sọ ọ́ ní Sisí Kòkòrò. Ẹ̀dà mẹ́ta ló fẹ́. Bàámi ka ẹ̀dà méjì, ó ní ojú ń dun òun, kí n bá òun ka ẹ̀kẹta. Inú mi dùn pé ó lè fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń kà ni Agbẹjọ́rò wọlé, ó fẹ́ já ìwé Òkè mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbà kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A jà díẹ̀. Mo borí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mi ò rí ìwé mi mọ́. Mo tú gbogbo ilé. Agbẹjọ́rò búra pé òun kọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Sisí Kòkòrò dé. Ó ju ẹ̀dà kẹta sórí tábìlì. Ojú ewé 112, kòkòrò inú àká. Ewé tó tẹ̀ lé e — ìràwọ̀ ìmọ̀, ọmọ ọwọ́, orísun ọgbọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni 113. Ọ̀gá rẹ̀ ní Òkè ló ṣí i, tó sì kà á sókè níwájú èèyàn mẹ́fà. Wọ́n ní irú kòkòrò wo nìyí tí ìràwọ̀ ń tàn fún? Ọjọ́bọ̀ yìí ló máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún ìdánwò ẹnu. Ọdún márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ yẹn. Omi lé sí i lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo wá rántí. Nígbà tí Agbẹjọ́rò ń fà mí, mo ti ìwé mi bọ àárín òkìtì ewé tó wà níwájú mi. Mo kà á lọ tán ṣáájú ìjà yẹn. Mi ò kà á bọ̀.

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Bàámi wo ewé yẹn, ó wò mí, ó yíjú sí Sisí. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ òun ló ṣe é, òun ò kà á bọ̀. Bàámi! Ó ní òun ò ní fi ọ̀bẹ gé ewé náà kúrò, torí àpá á hàn. Òun á tú gbogbo òwú rẹ̀, òun á tún un rán látòkèdélẹ̀, Sisí ò sì ní san nǹkan kan. Sisí jáde láìdágbére.

Mi ò lè jẹun lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo jẹ́wọ́ fún Bàámi kó tó mu tíì àárọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀, ta ló tún ń wá Òkè nínú ilé yìí? Ó ṣí ìwé náà síbi tí ewé mi wà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ní ṣónṣó imú. Ó wá bi mí pé ta ni ọmọ yìí. Mo ní èmi ni. Ó ní rárá o. Ó ní ọmọ ọwọ́ tí òun gbé, kò sí ìràwọ̀ kankan lọ́rọ̀ ẹ̀. Ooru ló sú sí i lára, igbe ló sì ń ké láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí. Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lé páálí. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Bàámi ní èdè rẹ̀ dùn, kì í ṣe pé kò dùn. Ṣùgbọ́n òun ti ka ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn, òun mọ ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó bá ń ṣe fáàrí. Mo ní ẹ ti kà wọ́n báwo? Ó ní kí n gbé omi gbígbóná wá.

A jọ tú ìwé náà ni. Èèyàn kì í fipá ṣe é. A fi aṣọ olómi gbígbóná lé ẹ̀yìn rẹ̀, a dúró kí gọ́ọ̀mù rọ̀, a wá ń yọ òwú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò bú mi. Kò tiẹ̀ mẹ́nu kàn án mọ́. Nígbà tó kan kíkà, ó gbé òkìtì náà fún mi, ó ní kí n kà á lọ, kí n kà á bọ̀. Ó pé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Sisí Kòkòrò wá gbé ìwé rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe Bàámi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ti òun burú ju tèmi lọ: nígbà tí òun ń kọ fọ́ọ̀mù Òkè, òun kọ pé òun fẹ́ gba aráyé lọ́wọ́ ebi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti wà níbẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi yangàn sí òun nílé.

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi pẹ́ níbẹ̀ tó báyìí. Ó ní orúkọ ló gbé òun débẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun tẹ́lẹ̀ ni pé, tó o bá bá ẹnì kan jókòó nídìí oúnjẹ, tó o sọ fún un pé kòkòrò kan ń ṣe nǹkan tí kò yé ọ, kò ní rẹ́rìn-ín. Á gbé ṣíbí sílẹ̀, á ní kí lo rí?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Sisí Kòkòrò yege! Ó tẹ Bàámi láago fúnra rẹ̀. Ẹ ṣeun Olúwa mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà, ìbéèrè keje ṣì ṣófo. Lọ́sàn-án, Màámi ò tíì dé, Agbẹjọ́rò wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo tún bi Bàámi: ẹ̀yin náà ńkọ́, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí n lọ? Mo rò pé á tún rán mi ní búrọ́ọ̀ṣì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì.

Ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Ó ní ọdún kẹsàn-án nìyí. Ọjọ́ kan náà lòun di méjèèjì, bébà kan náà, òwú kan náà, gọ́ọ̀mù inú agolo kan náà. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀kan, kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ di ihò-ihò bí asẹ́. Èkejì, kò sí àpá eyín kankan lára rẹ̀. Ó ní kí ló dé?

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bi ara rẹ̀. Ìyẹn ni ojú fi dùn ún lọ́jọ́ tí ìwé Sisí wọlé: ó ka gbogbo òjìlénígba ojú ewé náà, ó ń wá ìdáhùn. Kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ àṣírí Bàámi. Tó bá ń kà lọ, iye ewé ló ń kà. Tó bá ń kà bọ̀, ọ̀rọ̀ ló ń kà! Ọdún méjìlélógún, ọkùnrin tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà ti ka gbogbo Òkè tán láti ẹ̀yìn. Ìparí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní ìgbà míì, tí òun bá fi máa dé ìbẹ̀rẹ̀, òun á rí i pé oníwèé fúnra rẹ̀ ti gbàgbé ohun tó bèèrè.

Mo ní Bàámi, Sisí dúró níwájú yín níbí, kí ló dé tí ẹ ò bi í? Ó ní oníbàárà kì í dúró, "Bàbá, ṣé ó ti tán?" ni tiwọn. Ó ní ta ló fẹ́ kí ẹni tó ń bá a di ìwé máa bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó ní gbogbo wọn lókè ọ̀hún ló ti mọ ọ́n, òun nìkan ni kò yé. Ó wá ní: mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mo lè bi ní ìbéèrè.

Ó ti páálí padà sábẹ́ tábìlì. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Inú mi ò bàjẹ́. Mo dúpẹ́ ni, pé ọkùnrin yìí ló bí mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tó igba ọ̀rọ̀. "Bàbá mi ló ń di ìwé yín. Ó sì ń kà wọ́n. Ó ní ìbéèrè kan tí kò rí ẹni bi…" Mo gbé e fún Agbẹjọ́rò. Ó kà á, ó tún un kà, ó gbé e padà fún mi. Kò rí nǹkan jà sí. Màámi ní kí n ṣáà kọ gbólóhùn tòun sí ìsàlẹ̀. Mo ní rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ó ku ọjọ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n pè mí! Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tíṣà Físíìsì gbá mi lẹ́yìn títí mo fi wúkọ́. Ó ní ọgbọ̀n èèyàn ló ń du àyè kan, kí n má jẹ́ kó ká mi láyà. Ta ló bi í?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó gbàgbé.

Màámi lọ aṣọ mi tó fi lè dá dúró. Bọ́ọ̀sì wákàtí méjì. Ògiri Òkè ga, àmọ́ àwọn àga tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ti gbó, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán, wọ́n ká bébà sí i nídìí. Ìyẹn kì mí láyà. Àwa mẹ́jọ la jókòó. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti há tirẹ̀ sórí, ètè rẹ̀ ń mì. Mo gbọ́ "orísun". Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú yàrá. Obìnrin àgbà kan tí gíláàsì rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò — Màmá Dígí — òun ló mú ìwé mi lọ́wọ́. Mo ti múra láti sọ ìdí tí mo fi yàn wọ́n. Kò bi mí. Ó ní èwo nínú ìwé méjèèjì ló sún mọ́ ògiri? Ta ló ń ṣí wọn? Ṣé oòrùn máa ń kan ọ̀kan? Ṣé ẹni tó ń jẹun ti mú ọ̀kan rí? Ó bi mí tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rin ni mo lè dáhùn. Mo ní mà, Bàámi ló mọ ìyókù.

Ó gbé ìwé mi sílẹ̀. Ó wá ní òun ò mọ̀. Ó yíjú sí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ìwọ ńkọ́? Òun náà ò mọ̀. Ó já lẹ́nu mi kí n tó rò ó: ṣé gbogbo yín lẹ ò mọ̀ ni? Mo fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá Dígí ní òun ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ní Òkè tàbí níbòmíì, pé kí n kí bàbá mi, pé ojú rẹ̀ ń rí nǹkan.

Nígbà tí mo délé, Bàámi ń rán ìwé. Mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí lo wí? Mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkìtì páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun fi rò pé àìmọ̀wé òun ni. Màámi ní ṣebí òun ti ń sọ fún un tipẹ́. Kò sọ nǹkan kan fún un rí o, àmọ́ a gbà fún un.

Bí wọn ò bá tiẹ̀ gbà mí, mo dúpẹ́ fún òní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Igbe

Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Igbe

Kò sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n fèsì kí oṣù tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún ẹlòmíì láyè mi. Bàámi ní kí n gbà á, pé Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń bí ọmọ gidi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò dùn. Ó dùn ún. Agbẹjọ́rò, tó ní Òkè ò ju orúkọ lọ, òun ló ń sáré yẹ fóònù mi wò láràárọ̀.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Igbe

Wọ́n gbà mí. Wọ́n gbà mí. Wọ́n gbà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Èbìbí

Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Láti àná ni èèyàn ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Tíṣà Físíìsì jókòó sí àga Bàámi, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé òun ló kọ́ mi. Màámi jẹ́ kó sọ ọ́, ó tún bu omi fún un.

Lọ́sàn-án yìí ni Bàámi pè mí, ó fún mi ní nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé, ó ní kí n má ṣí i lójú òun. Mo gbé e wọ yàrá. Ìwé kékeré ni, aṣọ pupa ló fi bò ó, ó fọwọ́ rán an dáadáa. Kò tẹ lẹ́tà kankan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ní òkè pátápátá, pẹ̀lú pẹ́ńsù, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Bàámi tó dà bí ẹni ń rán aṣọ. Ìyókù ojú ewé náà ṣófo. Àyè ìdáhùn ló fi sílẹ̀. Ti kòkòrò ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀: "Ìwé kan tí mo dì lọ́dún tí wọ́n bí ọ ní iyanrìn inú odò ń rìn. Níbo ló ń lọ?" Òmíràn: "Ṣé òótọ́ ni pé igi ń mọ̀ tí wọ́n bá gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Òmíràn: "Kí ni tíọ́rì? Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́." Mo kà á títí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń nu ojú. Ogójì ìbéèrè, mi ò sì mọ ìdáhùn ẹyọ kan.

Mo ṣí ewé tó gbẹ̀yìn. Ìkọkànlélógójì. Ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá tún un kọ: "Ìgbà wo ni wàá máa bọ̀ wálé?"

Mo wá pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù, Bàámi. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin."